Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọ́tò nínú pikọ́ọ̀pù mánúà: kí la ó pààrọ̀, kí la ó fi sílẹ̀?

Aládé_C20
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Chevrolet C20 ọdún 1984 ló wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì 350 (ínǹṣì kúbíìkì 350) oní-káábúrétọ̀, jíà mánúà SM465 onípele mẹ́rin. Kọnrọ́ọ̀dù kan ti já, ó sì ti lu bùlọ́ọ̀kù yọ, nítorí náà kò sí àtúnṣe níbẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí mo rí jẹ́ 350 bákan náà, wọ́n yọ ọ́ lára Chevrolet C1500 ọdún 1991 tó ń lo TBI (ẹ̀rọ tí ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì dípò káábúrétọ̀) àti jíà ọ́tò 700R4. Flexplate (awo tín-ínrín tí ọkọ̀ ọ́tò ń lò lẹ́yìn kíráńkì) àti kọnfátà (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà ọ́tò) ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ kí jíà mánúà, bẹ́lì-háósìn (ilé irin tó so jíà mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì) àti káábúrétọ̀ mi wà bí wọ́n ṣe wà. Kí ni mo gbọ́dọ̀ rà? Kí ni mo lè tú lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ gbé sórí èyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi kí n tó náwó.

Súpánà14
Yóò jókòó. Ojú ẹ̀yìn bùlọ́ọ̀kù small-block Chevrolet (ìdílé ẹ́ńjìnnì tí 350 wà nínú rẹ̀) ò yí padà láti 1955, nítorí náà bẹ́lì-háósìn yín yóò bá bọ́ọ̀tì rẹ̀ mu, síítì ẹ́ńjìnnì ọ̀tún àti òsì náà yóò sì bá ihò wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìdí kíráńkì.

Ẹ má fi fúláíwíìlì àtijọ́ yín (awo irin wúwo tí mánúà ń lò dípò flexplate) sínú ìṣirò rárá. Ní 1986 ni wọ́n yí ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn 350 padà: ti 1984 yín jẹ́ awẹ́ méjì, ti 1991 jẹ́ odindi òrùka kan. Bí wọ́n ṣe yí síìlì padà ni wọ́n yí ìdí kíráńkì náà padà. Òbìrí tí bọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sí lára ti àtijọ́ fẹ̀ tó ínǹṣì 3.58, ti tuntun jẹ́ ínǹṣì 3.00. Kò ní wọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ìyàtọ̀ kejì kò hàn sójú. Kíráńkì 350 àtijọ́ dọ́gba nínú ara rẹ̀, fúláíwíìlì rẹ̀ kò ru ìwọ̀n kankan fún un. Láti 1986, wọ́n fi díẹ̀ nínú ìwọ̀n ìdọ́gba yẹn sára ohun tó wà lẹ́yìn. Ẹ wo flexplate yẹn dáadáa, ẹ ó rí irin kékeré kan tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí irin yẹn ń ṣe ni fúláíwíìlì tuntun gbọ́dọ̀ ṣe.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa béèrè ni fúláíwíìlì 350 oní-síìlì ẹyọ kan, 1986 sókè, eyín 168, ìbú ínǹṣì 14. Ẹ má gba oní-eyín 153, ínǹṣì 12¾ nìyẹn, kílọ́ọ̀ṣì pikọ́ọ̀pù àti sítátà yín kò ní bá a mu.

Ẹ ra bọ́ọ̀tì fúláíwíìlì pẹ̀lú rẹ̀. Bọ́ọ̀tì flexplate kúrú, awo tín-ínrín ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá fi í di fúláíwíìlì mú, ìwọ̀nba eyín díẹ̀ ni yóò gbá kíráńkì mú, ohun tó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi bọ́ọ̀tì kúkúrú dè. Eyín rẹ̀ ni 7/16-20. Ẹ fi gọ́ọ̀mù bọ́ọ̀tì sí i, ẹ dì í ní ìrékọjá, ní ìgbà mẹ́ta, títí dé nǹkan bí 75 ft-lb.

Tọ́nàÀgbà
Súpánà ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ihò kan wà tí kò mẹ́nu bà, ihò yẹn ló sì ń da iṣẹ́ yìí rú jù.

Àbúrò mi, tú kọnfátà àti flexplate kúrò, kí o wo àárín gbùngbùn ìdí kíráńkì. Nínú ọkọ̀ mánúà, búùṣì páílọ́ọ̀tì ló máa ń wà níbẹ̀, imú ṣáàfù jíà ló sì ń jókòó sínú rẹ̀. Ọkọ̀ ọ́tò kò ní nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀: imú kọnfátà kàn ń wọ etí ihò náà ni. Nítorí náà ilé iṣẹ́ kò ní ìdí láti fi búùṣì síbẹ̀, àwọn kíráńkì ọ́tò kan sì wà tí wọn kò lu ihò wọn parí, yálà ní ìbú tàbí ní ìjìnlẹ̀.

Fi kálípà wọn ìbú ihò náà ní ọ̀nà méjì, kí o fọ ìpẹtà rẹ̀ kí o tó wọ̀n ọ́n. Ti Chevrolet máa ń jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 1.094. Búùṣì tìkára rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ kí ó lè há. Imú SM465 jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 0.590, inú búùṣì gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ péré fẹ̀ jù ú lọ.

Tí ihò bá kéré, má fi búùṣì há a pẹ̀lú agbára. Gbé búùṣì lọ sọ́dọ̀ tọ́nà, kí ó fá ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀ sí ìwọ̀n ihò rẹ, pẹ̀lú 0.001 tàbí 0.002 ínǹṣì tí yóò fi há. Èyí rọrùn ju kí a tú gbogbo ẹ́ńjìnnì nítorí kíráńkì lọ.

Mú òòfà lọ sí ibi tí o ti fẹ́ ra búùṣì. Búùṣì bàbà gidi, òòfà kì í gbé e. Àwọn kan wà tí àwọ̀ wọn jọ bàbà ṣùgbọ́n tí irin pọ̀ nínú wọn. Gbé òòfà sún mọ́ ọn, wàá rí i tí yóò fò mọ́ ọn ta! Irú ìyẹn a máa jẹ imú ṣáàfù jíà bí fáìlì. Rẹ búùṣì gidi sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́jú, má fi gírísì sí i, torí gírísì ń dí ihò wínníwínní tí ọ́ìlì ń gbà jáde lára bàbà náà. Kọjú ẹnu rẹ̀ tó gbà gbẹ̀rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ jíà, fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá etí rẹ̀ mu gbá a wọlé ní pẹ̀lẹ́ títí yóò fi bá ojú kíráńkì dọ́gba.

Aládé_C20
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá Tọ́nà. Mo ti wọn ihò: ínǹṣì 1.094 ní ọ̀nà méjèèjì. Búùṣì ti há dáadáa, òòfà kò gbé e. Ṣé mo lè dá díìsìkì àti pírẹ́ṣọ̀ pléètì àtijọ́ padà? Síìlì ẹ̀yìn ńkọ́, ó dà bíi pé ó gbẹ.

ÌyáOníjíà
Aládé, ẹ pààrọ̀ síìlì yẹn. Ẹ́ńjìnnì ṣì wà lórí ìdúró, ibi ọwọ́ ló wà. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ tó sì jò lẹ́yìn náà, ọ́ìlì yóò bọ́ sórí díìsìkì, ẹ ó tún sọ gbogbo jíà kalẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ilé síìlì náà, ibẹ̀ náà máa ń jò, àwọn ènìyàn a sì máa rò pé síìlì ni.

Díìsìkì: tí ó bá kù díẹ̀ kí ojú rẹ̀ kan orí rífẹ́ẹ̀tì, kò yẹ fún fúláíwíìlì tuntun. Bí ẹ bá ra tuntun, SM465 ń lo ihò oní-eyín 10, ínǹṣì 1⅛. Ẹ fi í sórí ṣáàfù jíà kí ẹ rí i pé ó ń yọ̀ lọ bọ̀ kí ẹ tó gbé e sórí fúláíwíìlì. Ẹ fi bíréèkì kílínà nu ojú fúláíwíìlì àti ti pírẹ́ṣọ̀ pléètì, torí wọ́n máa ń fi ọ́ìlì bò wọ́n kí wọ́n má baà dípẹtà. Ẹ má fi ọwọ́ kan ojú díìsìkì. Ẹ̀gbẹ́ tí àárín rẹ̀ yọ síta ni yóò kọjú sí jíà. Bọ́ọ̀tì pírẹ́ṣọ̀ pléètì, ẹ dì í ní ìrékọjá, ìyípo kan kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, dé 35 ft-lb. Tí ẹ bá di ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó kan èkejì, pléètì yóò tẹ̀.

Gírísì díẹ̀ sára eyín ṣáàfù, kí ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò. Rìlíìsì bíárìn tuntun, kò wọ́n tó iṣẹ́ tí ẹ máa tún ṣe.

Onímọ́tò_V8
Ẹ̀yìn ni gbogbo yín ń wò. Iwájú ẹ́ńjìnnì yẹn náà yàtọ̀ sí ti 1984, ibẹ̀ ni yóò sì ti gbóná tí kò bá sí ẹni tó sọ fún un.

Ti 1991 ń lo bẹ́líìtì pẹlẹbẹ ẹyọ kan. Bí bẹ́líìtì yẹn ṣe gba ẹ̀yìn wọ́tà pọ́ńpù kọjá, òdìkejì ni pọ́ńpù ń yí sí. Àwọn abẹ́ inú rẹ̀ tẹ̀ sí òdìkejì pẹ̀lú. Tí Aládé bá fi púlì àti bẹ́líìtì V ti 1984 sórí pọ́ńpù 1991, omi kò ní rìn bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ooru yóò máa gòkè, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ tẹmọsitáàtì àti rédíétọ̀ tí kò ṣẹ̀ wá. Yálà kí o gbé wọ́tà pọ́ńpù, fáànù, púlì àti búrákẹ́ẹ̀tì 1984 lápapọ̀, tàbí kí o lo gbogbo ti 1991 lápapọ̀. Má ṣe dà wọ́n pọ̀.

Mánífóòdù káábúrétọ̀ rẹ: láti 1987, bọ́ọ̀tì méjì tó wà láàárín ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí tọ́pù sílíńdà onírin kò dúró sí igun 90 mọ́, igun 72 ni. Mẹ́jọ tó kù yóò wọlé, mẹ́rin yẹn kò ní wọlé tààrà. Àwọn kan máa ń fá ihò rẹ̀ gùn kí wọ́n sì fi wọ́ṣà dídagun sí i, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n orí bọ́ọ̀tì kò ní jókòó pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ sì lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Mánífóòdù tí wọ́n ṣe fún tọ́pù 1987 sí 1995 ni mo fara mọ́.

Epo ńkọ́? C20 1984 ń lo pọ́ńpù epo tí ẹ́ńjìnnì ń fì. Wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bùlọ́ọ̀kù níwájú: bóyá wọ́n lu ojú ìjókòó pọ́ńpù yẹn tàbí wọn ò lù ú. Tí wọn kò bá lù ú, tàbí tí kámúṣáàfù kò bá ní ètè tí ń ti ọ̀pá pọ́ńpù, pọ́ńpù oníná ni yóò jẹ́, irú èyí tí ń fún káábúrétọ̀ ní 5 sí 7 psi. Má gbé pọ́ńpù inú táńkì TBI wá, torí 9 sí 13 psi ni TBI ń lò, yóò borí abẹ́rẹ́ káábúrétọ̀, epo yóò sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Gba iná pọ́ńpù náà kọjá inú sùwíìṣì ọ́ìlì, kí epo má baà máa ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú.

WáyàPupa
Kí ló dé tí ẹ fẹ́ ju TBI nù? Ó ń jó epo mọ́ tónítóní, ó sì ń tètè gbéra ní òwúrọ̀ tútù. Bíréènì-bọ́ọ̀kìsì 1991 yẹn (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) kò darí 700R4, kọnfátà nìkan ló ń tì pa. Kò dà bí àwọn jíà ọ́tò tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tí bíréènì ń yí gbogbo jíà wọn. Tí ẹ bá ní gbogbo wáyà, bíréènì àti pọ́ńpù inú táńkì, kí ẹ fi ṣíìpù ti mánúà sínú rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní sẹ́ńsọ̀ ìyára ọkọ̀, yóò ṣiṣẹ́.

Onímọ́tò_V8
Ọ̀gá Wáyà, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ní káábúrétọ̀, kò sì sọ pé òun ní wáyà 1991. TBI láìsí odindi wáyà rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ méjì nínú ọ̀kan.

WáyàPupa
Mo gbà. Tó bá jẹ́ káábúrétọ̀, ẹ gbé dísíbútọ̀ HEI 1984 tó ní agolo fákúọ̀mù sórí rẹ̀, torí dísíbútọ̀ TBI kò lè dá ìgbà iná sún láìsí bíréènì. Wáyà C20 yín ni kí ẹ lò látòkè délẹ̀: sẹ́ńsọ̀ ooru àti ti ọ́ìlì 1984 ni ẹ ó tú lọ sára ẹ́ńjìnnì tuntun, kí géèjì inú ọkọ̀ lè ka òótọ́. Ìyẹn sì gbà yín lọ́wọ́ sùwíìṣì Park àti Neutral ti ọkọ̀ ọ́tò, torí wáyà mánúà kò bá a ṣe pọ̀.

Okùn TV 700R4 (okùn tó so tírọ́tù mọ́ jíà ọ́tò), ẹ yọ ọ́ dànù. Ihò fákúọ̀mù èyíkéyìí tí kò ní iṣẹ́ mọ́ lórí mánífóòdù, ẹ fi rọ́bà dí i.

Ẹ ṣọ́ àmì ìgbà iná náà. Àmì orí dámpà (òrùka irin iwájú kíráńkì) àti ìka tó wà lára kọ́fà tímìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ara wọn. Tí ẹ bá da ti 1984 àti ti 1991 pọ̀, lámpù tímìn yóò máa purọ́ fún yín. Ẹ wá òkè pátápátá sílíńdà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ohun ìdádúró písítìnnì kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé àmì kankan.

Súpánà14
Fún ẹni tó ń ka èyí pẹ̀lú Ford 302: ẹ̀yin náà ní ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ìdọ́gba. Àwọn àtijọ́ ń lo fúláíwíìlì oní-ìwọ̀n ìdọ́gba 28 oz, àwọn tó jáde láti nǹkan bí 1982 ń lo 50 oz. Méjèèjì wọ kíráńkì kan náà láìjanpata, ìyẹn ló fi léwu. Gbígbọ̀n nìkan ni yóò fi hàn yín.

Aládé_C20
Gbogbo rẹ̀ ti wà lórí: fúláíwíìlì 168, bọ́ọ̀tì tuntun, síìlì, díìsìkì. Mo so ẹ́ńjìnnì rọ̀, mo sún un mọ́ bẹ́lì-háósìn. Ó wọlé dáadáa, ó wá dúró nígbà tó ku mìlímítà 6 kí ojú méjèèjì pàdé. Àlàfo náà dọ́gba yí ká. Ṣé kí n fi bọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fà á pọ̀ díẹ̀díẹ̀?

Tọ́nàÀgbà
Rárá! Gbé súpánà yẹn sílẹ̀.

Bọ́ọ̀tì bẹ́lì-háósìn wà láti di ohun tó ti pàdé mú, kò wà láti fa ohun tó kọ̀ láti pàdé. Tí o bá fà á, ọ̀kan nínú mẹ́ta ni yóò ṣẹlẹ̀: etí bẹ́lì-háósìn yóò kán, tàbí ojú díìsìkì yóò tẹ̀, tàbí ṣáàfù jíà yóò ti kíráńkì síwájú tí yóò máa fi ara gbo bíárìn tí ń dá a dúró. Èyí ẹ̀kẹta ló burú jù, torí ọkọ̀ yóò gbéra, yóò rìn, irin yóò sì máa bọ́ sínú ọ́ìlì lábẹ́.

Àlàfo tó dọ́gba yí ká sọ nǹkan fún wa. Tó bá jẹ́ pín-dáwẹ̀lì (pín tí ń tọ́ bẹ́lì-háósìn sójú ààyè rẹ̀) tàbí igun ẹ́ńjìnnì ni, ẹ̀gbẹ́ kan yóò ti pàdé kí èkejì tó kù. Tó bá jẹ́ díìsìkì ni kò tò sáàárín, ó máa ń jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fura sí ìsàlẹ̀ ihò páílọ́ọ̀tì. O wọn ìbú fún wa, o kò wọn ìjìnlẹ̀.

Fa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn. Fi àwọ̀ tàbí gírísì díẹ̀ sí ṣóńṣó imú ṣáàfù jíà nìkan, sún ẹ́ńjìnnì padà títí yóò fi dúró, fà á sẹ́yìn, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Tí àmì bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a ti rí i. Tí kò bá sí, jẹ́ kí a wo eyín díìsìkì àti rìlíìsì bíárìn.

Aládé_C20
Àmì wà nísàlẹ̀ ihò, róbótó bí owó ẹyọ kékeré, ó hàn kedere. Imú ṣáàfù kò ní ọgbẹ́.

Tọ́nàÀgbà
O ṣeun tí o kò fà á. Ọ̀nà méjì ló wà.

Àkọ́kọ́, mú ihò jìn sí i. Kíráńkì yẹn jẹ́ irin dídà, dírílì ń jẹ ẹ́. Nísàlẹ̀ níbi tí búùṣì kò dé, kò sí ohun tó ń jókòó sí ara ògiri ihò, nítorí náà kò ní kí ó tọ́ bí ojú abẹ́rẹ́, ó kàn gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju imú ṣáàfù lọ ni. Fa búùṣì jáde: di gírísì kún inú rẹ̀, fi ọ̀pá tó bá inú rẹ̀ mu gbá a, gírísì yóò tì í jáde láti ẹ̀yìn. Nu gírísì tán pátápátá. Lo bíìtì mìlímítà 16, fi téèpù sàmì sí i níbi tó máa dé, kí o lọ jìn tó mìlímítà 9: 6 fún àlàfo, 3 kí imú má baà kan ìsàlẹ̀ nígbà tí kíráńkì bá sún díẹ̀. Jẹ́ kí kíráńkì dúró gbagidi, kí bíìtì má yà sí ẹ̀gbẹ́ jẹ ibi ìjókòó búùṣì. Fẹ́ ìrẹ́rẹ́ irin jáde, nu ún, kí o tún fi òòfà wò ó. Búùṣì tuntun ni kí o fi padà, má lo èyí tí o fà jáde.

Ọ̀nà kejì ni kí a gé imú ṣáàfù jíà kúrú. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n irin líle ni, jíà rẹ yóò sì máa gbé àmì yẹn lọ sínú ẹ́ńjìnnì èyíkéyìí tó bá bá pàdé lẹ́yìn èyí. Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ti wà níta, ihò ni kí o ṣiṣẹ́ lé lórí.

Nígbà tí o bá tún sún un padà, ó yẹ kí ojú méjèèjì pàdé pẹ̀lú ọwọ́ nìkan. Di bọ́ọ̀tì bẹ́lì-háósìn dé 30 ft-lb. Lẹ́yìn náà, fi jíà sí neutral, fi súpánà yí kíráńkì ní ìgbà méjì. Bí ó bá le níbì kan, dúró.

Aládé_C20
Ó ti pàdé, ọwọ́ nìkan ni. Kíráńkì ń yí wẹ́rẹ́. Fírí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì (ibi tó ń rìn lófo kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) wà ní nǹkan bí ínǹṣì 1. Sítátà àtijọ́ wọ ihò rẹ̀, ọkọ̀ sì ti gbéra, kò gbọ̀n. Ohun kan péré: bí mo bá jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn tó gbéra, ó máa ń fọn fèrè tín-ínrín fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Súpánà14
Eyín sítátà ti sún mọ́ eyín fúláíwíìlì jù ni. Bí fèrè yẹn bá jẹ́ nígbà tó ṣì ń yí kí ó tó gbéra, a jẹ́ pé ó jìnnà jù. Ti yín jẹ́ lẹ́yìn tó gbéra, nítorí náà ẹ fi ṣíìmù kan sí àárín sítátà àti bùlọ́ọ̀kù, èyí tó gba abẹ́ bọ́ọ̀tì méjèèjì, nípọn ínǹṣì 0.015. Kí ẹ tó dì í, ẹ fa eyín sítátà síta pẹ̀lú ọwọ́ kí ó wọ inú ti fúláíwíìlì: wáyà tó nípọn tó ìdajì mìlímítà gbọ́dọ̀ lè kọjá láàárín ṣóńṣó eyín kan àti ìsàlẹ̀ èkejì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ibi mẹ́ta yí fúláíwíìlì ká, torí kì í sábà yí róbótó pátápátá. Ẹ tú wáyà nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀.